Òkèlè Tí A Kì í Rún: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Dà Nínú Wa

Lẹ́tà márùn-ún tí a yàn láti dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí wá láti Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí ká: kí ni ara ń ṣe sí oúnjẹ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì? A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, a sì ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò. Ẹ óò máa bá ẹ́ńsáìmù pàdé léraléra nínú ìdáhùn wa. Purotéènì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe ni ẹ́ńsáìmù; wọ́n ń mú kí iṣẹ́ tí ì bá gba ọjọ́ gbọọrọ parí láàárín wákàtí díẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í jẹ wọ́n tán.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọmọ mi tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kà á sí mi létí nínú ìwé rẹ̀ pé ẹnu ni oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dà, àti pé ẹni tí kò bá rún oúnjẹ kúnná ń fìyà jẹ ikùn ara rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń jẹ láfún, n kò sì mọ Ẹ̀gbá kan tí ó ń rún òkèlè. Ọbẹ̀ ilá ni a fi ń sìn ín lọ. Ṣé a ti ń ṣe ara wa ní ibi láti ọjọ́ yìí wá ni? *Bàbá kan ní Òkè-Ìléwó.*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, bàbá wa. Ẹ máa jẹ òkèlè yín lọ. Ohun tí ọmọ yín kà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ẹnu ga ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ibi tí púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ jìnnà sí ẹnu.

Orísun itọ́ ńlá mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà níwájú etí, ọ̀kan wà lábẹ́ àgbọ̀n, ọ̀kan sì wà lábẹ́ ahọ́n. Itọ́ tí gbogbo wọn ń tú jáde lójúmọ́ tó lítà kan sí lítà kan àbọ̀. Inú itọ́ yìí ni ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ amylase wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gé sítáàṣì, èròjà tí ó pọ̀ nínú iṣu àti ẹ̀gẹ́, sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ bu iṣu sísè díẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ máa rún un fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láìgbé e mì, ẹ óò sì rí i pé ó ń dùn sí i. Òkèlè láfún kì í dúró lẹ́nu pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Itọ́ díẹ̀ tí ó bá a wọlé lè máa bá iṣẹ́ lọ ní àárín òkèlè náà fún ìgbà díẹ̀, títí ásíìdì inú àpòlúkù yóò fi kan án, tí yóò sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yà tí ó ń ṣe èyí tí ẹnu kò ṣe ni páńkíríásì, ẹ̀yà gígùn pẹlẹbẹ kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù. Omi tí ó ń tú sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré tó nǹkan bí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, amylase inú rẹ̀ sì pọ̀ dé ibi pé bí itọ́ kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kan láfún yín rárá, yóò ṣì dà. Ohun mìíràn tí ìwé ọmọ yín kò kà sí ni iṣẹ́ tí a ti ṣe kí oúnjẹ tó dé ẹnu. A ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi sì ti fi ẹ́ńsáìmù tiwọn tú àwọn ohun tí ó mú un le. A sá a, a lọ̀ ọ́, a sì fi omi gbígbóná rò ó. Hóró sítáàṣì tí kò tíì rí iná máa ń ṣòro fún amylase láti wọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wú nínú omi gbígbóná, ó ti ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Iṣẹ́ tí eyín ì bá ṣe, ọlọ àti orógùn ti ṣe é.

(Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ linamarase. Bí a bá gé ẹ̀gẹ́ tí a sì rẹ ẹ́, ẹ́ńsáìmù yìí ń fọ́ èròjà tí májèlé sáyánáìdì so mọ́, kí májèlé náà lè bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí oníláfún kánjú yọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kúrò nínú omi, bí ó ti wù kí ọjà ń pè é tó.)

Ẹran inú ọbẹ̀ ni kí ẹ rún dáadáa. Kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ páńkíríásì, ó ń kọ́kọ́ dúró nínú àpòlúkù fún nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́rin, bí ọbẹ̀ bá sì ní ọ̀rá púpọ̀, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí àpòlúkù ń tú jáde tó lítà méjì lójúmọ́, ásíìdì inú rẹ̀ sì le dé ibi pé pH rẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe le tó (bí ó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe ń le tó), máa ń wà láàárín 1.5 àti 3.5. Ẹ́ńsáìmù tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pepsin. Kò ka sítáàṣì sí. Purotéènì inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ó ń gé sí ègé. Ẹran tí a gbé mì ní odidi kì í fún un ní àyè láti kàn án yíká, ó sì lè há ni lọ́fun pẹ̀lú.

A máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé oúnjẹ kò dà nínú àwọn, tí wọ́n á sì máa fọwọ́ pa òkè ìdodo, bí ẹni pé àpòlúkù ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní èrò tiwa, àpòlúkù ti gba ìyìn àti ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan wà tí dókítà ti gé gbogbo àpòlúkù wọn kúrò nítorí àìsàn, tí wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gba fítámì B12 láti ọ̀dọ̀ dókítà, síbẹ̀ oúnjẹ ń dà nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè bẹ́ẹ̀ láìsí ìfun kékeré, àfi bí wọ́n bá ń fa oúnjẹ sí i lára gba inú iṣan.

Ìfun kékeré yìí tó nǹkan bí mítà mẹ́fà ní gígùn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ àti páńkíríásì ti ń pàdé oúnjẹ. Òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kò ní ẹ́ńsáìmù kankan nínú. Bí ọṣẹ ṣe ń tú epo lára àwo ni ó ń tú epo ọbẹ̀ sí kíkán wẹ́wẹ́, kí lipase, ẹ́ńsáìmù tí ó ti ọ̀dọ̀ páńkíríásì wá, lè ráyè gé ọ̀rá náà. Páńkíríásì yìí kan náà ń fi trypsin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ láti parí ohun tí pepsin bẹ̀rẹ̀ lára ẹran. Lẹ́yìn náà ni ògiri ìfun fúnra rẹ̀, tí àwọn ìka tín-ín-tín-ín tí ojú lásán kò lè rí dáadáa bò, ń fi ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ gé ìyókù sí èyí tí ó kéré jù lọ, ó sì ń fà á wọnú ara: ṣúgà àti èròjà purotéènì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ọ̀pọ̀ jù nínú ọ̀rá sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀.

Báwo ni páńkíríásì ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀? Ní ọdún 1902, ní Lọ́ńdọ̀nù, William Bayliss àti Ernest Starling ṣàwárí pé bí ásíìdì àpòlúkù bá ti kan ògiri ìfun kékeré, ògiri náà ń tú èròjà kan tí wọ́n pè ní secretin sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e dé ọ̀dọ̀ páńkíríásì, páńkíríásì sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi jáde. Omi náà ń pa agbára ásíìdì, nítorí pé ẹ́ńsáìmù páńkíríásì kì í lè ṣiṣẹ́ níbi tí ásíìdì bá ti pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pepsin kì í ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí. Ṣáájú wọn, Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà, ti fi hàn pé omi àpòlúkù lè bẹ̀rẹ̀ sí í sun kí oúnjẹ tó débẹ̀ rárá. Ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì gba iwájú ilé oníláfún kọjá ní Ìtòkú lọ́sàn-án, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi ń ta ṣàkì àti ẹ̀dọ̀ ní ọjà Kútọ̀. Olùkọ́ wa sọ pé àpòlúkù màlúù ni ṣàkì, bí a bá sì jẹ ẹ́, àpòlúkù tiwa ń dà á. Kí ló dé tí àpòlúkù wa kì í fi da ara rẹ̀? *Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Adátán.*

Ìdáhùn: Ọmọ wa, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú béèrè ohun tí o béèrè yìí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí ìdáhùn. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ. Màlúù ní yàrá mẹ́rin nínú àpòlúkù rẹ̀, ṣàkì kì í sì í ṣe èyí tí ó ń tú ásíìdì àti pepsin jáde. Inú ṣàkì ni koríko ń rẹ sí, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń bá màlúù fọ́ ọ. Yàrá kẹrin ni ó jọ tiwa.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ńṣe ni àpòlúkù kàn ń gún oúnjẹ, àwọn mìíràn sì ní ó ń jẹrà níbẹ̀ ni. Ìjàǹbá kan ni ó tú àṣírí náà. Ní ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì ba Alexis St. Martin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà tí ó ń bá àwọn oníṣòwò awọ ẹran ṣiṣẹ́. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ihò kan ṣẹ́ kù tí ó já sínú àpòlúkù rẹ̀. Dókítà William Beaumont, tí ó tọ́jú rẹ̀, ń so ẹran àti oúnjẹ mìíràn mọ́ okùn ṣẹ́dà, ó ń tì í gba inú ihò náà wọlé, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan yóò fà á jáde láti wo ohun tí ó ṣẹ́ kù. Ó tún fa omi àpòlúkù náà sínú ìgò, ó mú un gbóná tó bí ara ènìyàn, ẹran tí ó fi sí i sì dà nínú ìgò bí ó ṣe ń dà nínú ikùn. Ọdún 1833 ni ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ìmọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè gbàgbé pé ara ọkùnrin tálákà kan tí kò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yíyàn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1836, Theodor Schwann ará Jámánì ya pepsin sọ́tọ̀, ó sì fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é títí di òní.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ nìyí. Àpòlúkù kì í ṣe pepsin ní ṣíṣe tán. Ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tú jáde ni pepsinogen, èyí tí kò lè gé ohunkóhun; ìgbà tí ó bá bọ́ sínú ásíìdì ni ó ń yí padà di pepsin. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ni ó ń tú ásíìdì jáde, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í pàdé títí wọn yóò fi jáde kúrò lára. Ní àfikún, ohun yíyọ̀ kan tí ó ki bo gbogbo inú àpòlúkù, èròjà tí ó ń pa ásíìdì sì wà nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni àpòlúkù ń pààrọ̀ awọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni páńkíríásì ń fi trypsinogen, tí kò tíì jí, ránṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù kan tí ó wà lára ògiri ìfun kékeré, enterokinase, ni ó ń jí i lẹ́yìn tí ó bá ti dé ibi iṣẹ́.

Ààbò yìí lè já. Bí òkúta òróòro bá dí ọ̀nà, tàbí bí ẹnì kan bá ń mu ọtí líle lámujù, àwọn ẹ́ńsáìmù náà lè jí nínú páńkíríásì fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ilé ìwòsàn ni a sì gbọ́dọ̀ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti àpòlúkù, àwọn ohun méjì tí ó sábà máa ń ba ìbòrí rẹ̀ jẹ́ ni kòkòrò àìfojúrí Helicobacter pylori àti lílo oògùn ìrora bí aspirin àti ibuprofen lálòjù. Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn ará Ọsirélíà tí wọ́n ṣàwárí iṣẹ́ kòkòrò náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Ata, tí gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, lè mú kí ọgbẹ́ inú máa ta ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń dá a sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ń mu mílíìkì bí ó ṣe wù mí; nísinsìnyí, bí mo bá mu ife kan, inú mi á máa kùn, á wú, mo sì lè yàgbẹ́ gbuuru. Àmọ́ bí mo bá ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, kò sí ohun tí ó ń ṣe mí. Ṣé ayédèrú mílíìkì ni mo ń rà ni? *Ìyá Ìbejì, Ìbarà.*

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa, ẹ̀ṣẹ̀ oníṣòwò kọ́. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí ń jẹ́ lactose, ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo tí ó sì lè gé e ni lactase, tí ó wà lára ògiri ìfun kékeré. Ọmọ ọwọ́ ní in lọ́pọ̀lọpọ̀ nítorí pé ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti já a lẹ́nu ọmú, lactase ń dínkù díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 fi hàn pé ó ti dínkù gan-an lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá, ṣùgbọ́n pé ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran, tí wàrà ti jẹ́ oúnjẹ ìran wọn. Lactose tí kò rí ẹni gé e ń kọjá lọ sí ìfun ńlá, ó ń fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ sì ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ohun tí ẹ ń gbọ́ tí ó ń kùn nìyẹn.

Ní ti wàrà, omi ewé bọ̀mubọ̀mu ni àwọn tí ó ń ṣe é fi ń mú kí mílíìkì dì, ewé náà sì ní ẹ́ńsáìmù tí ó ń gé purotéènì, òun ni ó fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, púpọ̀ nínú lactose ti bá omi náà lọ. Mílíìkì inú agolo àti oníyẹ̀fun ṣì ní tiwọn nínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bíi tiyín lè fara da díẹ̀ nínú tíì tàbí ẹ̀kọ, pàápàá pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ fi ara yín dán an wò, kí ẹ dúró síbi tí inú yín bá gbà.

Ìbéèrè: Kí ni ó fà á tí ẹ̀wà fi ń jẹ́ kí inú kún fún afẹ́fẹ́, tí àgbàdo sísè sì máa ń jáde bí a ṣe jẹ ẹ́? *Awakọ̀ kan, Pánṣẹ́kẹ́.*

Ìdáhùn: Ọ̀gá awakọ̀, ìdí kan náà ni ó wà níbẹ̀: ara ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù fún ohun gbogbo. Ẹ̀wà ní àwọn ṣúgà kan, raffinose àti stachyose, tí a kò ní ohun tí a fi lè gé wọn, nítorí náà wọ́n di oúnjẹ àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá, afẹ́fẹ́ sì ni èrè rẹ̀. Bí a bá rẹ ẹ̀wà kí a tó sè é, tí a sì da omi àkọ́kọ́ náà nù, wọn yóò dínkù díẹ̀. Èèpo àgbàdo ní tirẹ̀ jẹ́ cellulose, èyí tí màlúù fi àwọn kòkòrò inú ṣàkì rẹ̀ ń fọ́, tí àwa kò lè fọ́. Ẹ rún àgbàdo kí èèpo náà lè ya. Inú rẹ̀ ń dà dáadáa.

Ìbéèrè: Ní ibùdókọ̀ Láfẹ́nwá, ọkùnrin kan wọ inú ọkọ̀ wa tí ó ń ta omi inú ìgò tí ó ní ó kún fún ẹ́ńsáìmù, pé yóò fọ ìfun, yóò sì mú kí oúnjẹ máa dà. Ọ̀pọ̀ rà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìbẹ́pẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èwo ni ká gbà? *Olùkọ́ kan ní ìlú Abẹ́òkúta.*

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yín pamọ́, olùkọ́. Purotéènì ni ẹ́ńsáìmù. Púpọ̀ nínú èyí tí a bá gbé mì ni àpòlúkù yóò gé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gé ẹran, kì í sì í bi í bóyá olówó ńlá ni. Òótọ́ ni pé ìbẹ́pẹ tútù ní papain, ìdí sì nìyẹn tí àwọn alásè fi máa ń fi ewé rẹ̀ di ẹran líle kí ó lè rọ̀. Iṣẹ́ tí ó ṣe lára ẹran nínú ìkòkò yàtọ̀ sí èyí tí ó lè ṣe nínú yín, èyí tí ó bá sì ti pọ́n, papain rẹ̀ ti dínkù púpọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ nítorí adùn rẹ̀ àti àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ le.

Àwọn tí ó nílò ẹ́ńsáìmù ní tòótọ́ wà, wọ́n sì kéré. Ẹni tí páńkíríásì rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí tí wọ́n ti gé e kúrò ń gba hóró oògùn tí dókítà kọ fún un, tí ẹ́ńsáìmù páńkíríásì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ohun kan bò kí ásíìdì àpòlúkù má baà bà á jẹ́ kí ó tó dé ìfun kékeré. Pẹ̀lú oúnjẹ ni ó ń lò ó, ní gbogbo ìgbà tí ó bá jẹun. Bí ìgbẹ́ ẹnì kan bá ń ní ọ̀rá, tí ó ń léfòó, tí òórùn rẹ̀ ń burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹni náà sì ń rù láìmọ ìdí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn inú ọkọ̀ mọ́. Kí ó lọ rí dókítà, yálà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí ní èyí tí ó bá sún mọ́ ọn, kí wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.